KORÍKO ỌBA: Ẹ̀ṢỌ́ ILÉ, OWÓ Ọ̀BẸ̀

   

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni a gbéra l'Ákùúrẹ́, a gba Ọ̀wẹ̀nà kọjá lọ s'Óǹdó láti kí ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata. Bí a ṣe dé ojúde rẹ̀ ni a dúró. Ó gbin koríko yí ilé ká, ó tò ó bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Gbogbo ilẹ̀ àdúgbò ti pọ́n, koríko tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. A ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti di òyìnbó ni, tí ẹ fi ń gbin koríko sílé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó já ewé kan, ó rún un, ó nà án sí wa nímú. Òórùn bí ti ọsàn wẹ́wẹ́ ni! Àṣé koríko ọba ni, èyí tí àwọn míì ń pè ní ewé tíì. Omi tó fi ń fọ ata ló ń dà sí i nídìí.

Ìhà Íńdíà àti Sri Lanka lọ́hùn-ún ni koríko yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Òróró inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ọṣẹ àti lọ́fíńdà nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń dì í pọ̀ mọ́ ewé dongoyárò, ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo máńgòrò. Ìyá aláta sọ fún wa pé, "Ọjọ́ tí ata bá jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́, ewé yìí ni mo fi ń ra gààrí." Ẹ gbọ́ bí?

Bí a ṣe ń gbìn ín nìyí. Kì í sábà so, nítorí náà ẹ má wá irúgbìn rà. Ẹ tọrọ ìdì kan lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ fà á ya sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ gé ewé òkè kúrò, kó má baà rọ. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ni kí ẹ gbìn ín. Ibi tí oòrùn ti ń pa ló fẹ́, kò fẹ́ abẹ́ igi. Kò sì fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín wọn. Ẹni tí kò nílẹ̀, kóróbá tó ti là náà tó o, ẹ ṣáà ti dá ìdí rẹ̀ lu.

Tó bá di oṣù 4 sí 6, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n ínǹṣì 4 sí 6 kù sílẹ̀, ẹ má fà á tu. Oṣù méjì mẹ́ta sí i, ẹ tún gé e. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́ o, ewé yẹn mú bí abẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ wú u, ẹ pín in, ẹ tún un gbìn.

Wọ́n ní ejò kì í fẹ́ òórùn rẹ̀. Àwa ò ní búra sí i, nítorí a ti rí eku nínú èyí tó di igbó. Ẹ máa gé e. Ẹ̀fọn náà ò ní torí pé ó wà lójúde kó má wọlé. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì dùn wá láti sọ ọ́. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti se koríko ọba fún ọmọ ọmọ wa rí nígbà tí ara rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń fún un mu, a ní ibà lásán ni. Lọ́jọ́ kẹrin, gìrì mú un. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọmọ náà ń sáré kiri lónìí, ṣùgbọ́n a ò gbàgbé.

A ò sọ pé ewé kì í ṣe oògùn o. Lọ́dún 2015, wọ́n fún obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ní ẹ̀bùn Nobel torí oògùn ibà tó rí láti ara ewé kan. Ṣùgbọ́n ewé yẹn kì í ṣe koríko ọba, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Tíì ni ká fi koríko ọba mu. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà yín. Kò ní dín owó yín kù.

Ìyá aláta ti ṣèlérí pé òun á kó ìdì díẹ̀ wá sípàdé wa tó ń bọ̀, kí òjò tó dé. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú àpò dání. Owó kọ́ o, ọ̀fẹ́ ni.