Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ àti Ìwọ̀n Ara

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan fi ìbínú wọ kíláàsì ìkàwé wa nítòsí Atakpamé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé kí ó dín sísanra kù. Ó dín iyán kù, ó dín epo kù, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ sí oko. Kílò 3 ti kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ síbi ìnáwó òkú kan, ó jẹ ọbẹ̀ ẹja oníyọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó tún gun òṣùwọ̀n, kílò kan ti padà. Ó ní: « Mi ò ṣe mọ́. Ìyà lásán ni mo ń fi jẹ ara mi. »

Ṣé ọ̀rá ni ó padà? Rárá o. Omi ni.

Bí a bá jẹ iyọ̀ púpọ̀, òùngbẹ á gbẹ wá, a ó mu omi. Iyọ̀ yóò di omi náà mú nínú ara. Ẹ ti rí omi oníyọ̀ tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára. Gírámù 9 iyọ̀ ni ó wà nínú lítà kan rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wa ṣe mọ. Nítorí náà, bí gírámù 9 iyọ̀ bá ṣẹ́kù sínú ara yín, omi bíi lítà kan ni yóò bá a dúró. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí ẹ bá padà sí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ó tọ omi náà dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé iyọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Òun náà ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gírámù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan. Iyán kò ní iyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gún un mọ̀. Ọbẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́! Nǹkan bí ìdajì kúùbù màgí, iyọ̀ ni. Mo ti rí ẹni tí ó fọ́ kúùbù mẹ́rin sínú ìkòkò kékeré, tí ó tún bu iyọ̀ lé e. Ẹ fi atalẹ̀, àlùbọ́sà, ááyù àti irú ṣe é kí ó dùn. Ẹ rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó sè é.

Ẹ má sì pa iyọ̀ tì pátápátá. Iyọ̀ tí wọ́n fi áyódì sí ni kí ẹ rà, nítorí àìní áyódì ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀. Ẹ bò ó dáadáa, kí ẹ sì fi í sínú ọbẹ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ara yín, òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá wú, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ jìn tí kò tètè padà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìkan. Ọkàn tàbí kíndìnrín lè máa ṣàìsàn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, pàápàá bí ẹ bá lóyún.

Ìyá yẹn tún gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kílò náà ti lọ.