Abẹ́rẹ́ Boussole àti Ààlà Oko

Abẹ́rẹ́ inú boussole kì í tọ́ka sí ìkángun àríwá ayé gan-an. Òòfà ilẹ̀ ayé ní ń fà á, òòfà náà a sì máa ṣípò. Ní ọdún 1831, James Clark Ross bá ìkángun rẹ̀ ní àríwá Kánádà. Lónìí, ó ti sún mọ́ ìhà Siberia. Nítorí náà, ààlà oko tí àwọn baba wa fi boussole wọ̀n lè má bá abẹ́rẹ́ òní mu. Àṣìṣe dígírì 1 péré, lórí kìlómítà 1, a máa yẹ ààlà ní nǹkan bíi mítà 17. Àdá tó wà nítòsí pàápàá lè yí abẹ́rẹ́ náà. Kí ọmọ ìyá tó pe ara wọn lẹ́jọ́, ẹ wo ọdún tí a kọ ìwé ilẹ̀ náà, kí ẹ sì wá pèrègún ààlà: òòfà kì í fa pèrègún.