Ìràwọ̀ tí ọ̀pẹ bò ní Issaba

Ẹni tó bá kọ́ ìràwọ̀ wíwò ní Paris, tó wá gbé télískóòpù rẹ̀ dé Issaba ní Benin, Polaris ló máa kọ́kọ́ wá. Ìràwọ̀ àríwá nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, àwọn yòókù ló ń yí i po, òun sì ni wọ́n fi ń to ẹ̀rọ kó lè máa bá ìràwọ̀ rìn. Àlejò wa máa wá a tì. Issaba wà ní nǹkan bíi dìgírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà dìgírì 7 péré ni Polaris fi ga kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ na apá yín gbọnrangandan, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dìgírì 10 lójú ọ̀run. Polaris ò ga tó ẹ̀ṣẹ́ kan. Nílẹ̀ ọlọ́pẹ bíi ti agbègbè Pobè tí Issaba wà, imọ̀ ọ̀pẹ ti bò ó kó tó yọjú.

Àmọ́ ohun tó bá wa gbé Polaris wálẹ̀ ló ṣí apá gúúsù sílẹ̀ fún wa. Lálẹ́ oṣù karùn-ún, ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú máa ń dúró ní gúúsù Issaba, ó ga ju ẹ̀ṣẹ́ méjì lọ. Ẹni tó ń gbé Paris ò lè rí i láéláé nílé, kì í yọ lọ́dọ̀ wọn rárá. Nítòsí rẹ̀ ni Alpha Centauri wà, ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò oòrùn wa tó sún mọ́ wa jù. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó bá wa.

Èyí tí àwọn ayàwòrán ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ Namibia nítorí rẹ̀ ni àárín Milky Way, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, tó máa ń nà gbọọrọ lókè bí èéfín. Bó bá ga tán ní Paris, kò ju dìgírì 12 lọ. Ní Issaba, 54 ni.

Ẹ má tíì yọ̀. Ìgbà tó máa ń wà lókè ní ìrọ̀lẹ́ ni oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, òjò àti ìkùukùu ló sì ń jẹ ọba nígbà yẹn. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu ò pọ̀, ṣùgbọ́n eruku ń gbé ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ mì. Tèmi ni pé kí ẹ dúró de òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹta. Ó máa fọ ojú ọ̀run. Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì, ẹ kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn láti rí àárín Milky Way. Apá ibẹ̀ náà ni Èkó wà, bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí wa, iná rẹ̀ sì máa ń ba ìsàlẹ̀ ọ̀run jẹ́. Ẹ wo òkè díẹ̀.

Fóònù tó lè ya fótò òru tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu iyanrìn sínú àpò kékeré, kí ẹ fi fóònù tì í. Ẹ jẹ́ kó la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, kí ISO wà ní 1600 tàbí 3200, kí ẹ sì ní kó ka mẹ́ta kó tó yà, torí ìka tó tẹ̀ ẹ́ ló ń mì ín. Ayé ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kan: bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ìràwọ̀ á di ìlà. Bó bá sì jẹ́ ìlà yẹn lẹ ń wá, ẹ ya fótò fún wákàtí kan kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn. Ní Yúróòpù, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yí bíríkítí ká Polaris. Níhìn-ín, bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ìràwọ̀ ń gun òkè ṣánṣán bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Àgùàlà tí àwọn àgbà mọ̀, tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá; pílánẹ́ẹ̀tì Venus ni. Awò olójú méjì tí sójà ń lò lè fi hàn yín nígbà míì pé òun náà máa ń dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Awò kan náà á fi òṣùpá mẹ́rin Júpítà hàn, àwọn tí Galileo rí ní 1610.

Ìràwọ̀ wíwò lè ti ibi ìgbádùn di nǹkan ńlá. Ní Senegal, Maram Kaire dá ẹgbẹ́ awòràwọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ará Senegal bá ikọ̀ NASA gbé télískóòpù kalẹ̀ láti wo bí Arrokoth, òkúta kan tó jìnnà ju Pluto lọ, ṣe máa gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá. Ní 2021, wọ́n fi orúkọ Kaire sọ òkúta òfurufú kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025, inú òjìji ayé ni òṣùpá ti yọ sí wa ní Benin, àmọ́ àsìkò ìkùukùu ni. Ní 20 oṣù kejìlá 2029, ó tún máa wọ inú òjìji náà pátápátá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, ní òkè téńté. Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.