Kẹ̀kẹ́ tí ó fẹ̀yìn ti ògiri

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù lọ láyé péjọ sí Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà láti fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje ọdọọdún náà wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ọjọ́ 28, bá wa ní ilé ìyá kan ní Titirou, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọkùnrin gun ohun tí ó lé ní 260 kìlómítà, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, títí Tadej Pogačar, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, fi borí. Àwọn ọmọdé hó títí ohùn wọn fi há. Ìyá ilé wò ó títí, ó wá ní, “Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó gbé ẹrù nínú wọn.”

Kẹ̀kẹ́ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn kan náà tí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ti ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni. Táyà rẹ̀ ti gbẹ, adìẹ ní ń sùn lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá yìí san owó zémidjan fún ara rẹ̀ dé ọjà Arzèkè, ó san ti àbíkẹ́yìn rẹ̀ dé ilé ìwé. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí owó kò ká tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí a béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi gun kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. “Kí wọ́n lè máa sọ pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni nǹkan ti bàjẹ́ fún mi, àbí?”

Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí à ń wí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo ìgò tí wọ́n ń kó wọ Benin gbówó lórí, owó zémidjan sì tẹ̀ lé e. A kò bá àwọn onízémidjan jà o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ ìjọ wa, àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn kìlómítà mẹ́rin tí ọmọ fi ẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí wákàtí kan, ogún ìṣẹ́jú ni lórí kẹ̀kẹ́, láìkánjú.

Ta ló kọ́ wa ní ìtìjú yìí? Kì í ṣe àwọn bàbá wa. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ ti di ènìyàn ńlá. Gbogbo abúlé ní ń jáde wò ó. Òṣómàáló fi kẹ̀kẹ́ kó aṣọ kiri, ó sì fi èrè rẹ̀ kọ́lé. Lójú tiwa, àwòrán tí à ń wò lálaalẹ́ ló kọ́ wa. Ẹ tún àwọn fíìmù Yorùbá tí ń wá láti Nàìjíríà wò dáadáa. Ta ní ń gun kẹ̀kẹ́ nínú wọn? Ẹlẹ́mu, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí á fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ tálákà a máa gun kẹ̀kẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bí Ọlọ́run bá ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ló kù tí a óò rí i nínú rẹ̀. A kò tún gbúròó kẹ̀kẹ́ náà mọ́ láé.

Nínú ìròyìn ńkọ́? Bí kì í bá ṣe eré ìje, a ó rí àwọn àlejò tí wọ́n ń pín kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ abúlé bí ẹni ń pín oúnjẹ ìyàn. Tàbí kí ó jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ di ọjọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọdún 2018: àwọn ènìyàn pàtàkì a wọ fìlà kan náà, wọn a gùn ún díẹ̀ níwájú kámẹ́rà, awakọ̀ wọn a sì ti máa dúró dè wọ́n níbi tí ìrìn náà parí sí. Ta ni irú èyí lè mú gun kẹ̀kẹ́?

Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 1975, tẹlifíṣọ̀n gbé eré onípele kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ “Ven conmigo”. Àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ni ìtàn náà dá lé. A rí ìtìjú wọn, a rí bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn, a sì rí wọn tí wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wàásù. Wọ́n ní lẹ́yìn ọjọ́ kan tí eré náà fi ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ hàn, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ló ya lọ síbẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì rí ẹlòmíràn tí ojú ń tì bíi tirẹ̀, ara rẹ̀ wá balẹ̀.

Irú rẹ̀ ni a ń fẹ́ fún kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ń ṣe eré, ẹ fún wa ní ìyálọ́jà kan tí nǹkan ń ṣẹnuure fún, tí ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mẹ́nu kàn án. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé ó ń gun èyí tí kò ní irin gbọọrọ níwájú, tí wọ́n fi nǹkan bo ṣéènì rẹ̀ kí ó má baà fa ìró ya. Ẹ jẹ́ kí a rí bí ó ṣe ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú ẹni tí ń lẹ táyà, bí ó ṣe ń jáde ní kùtùkùtù kí oòrùn oṣù Kẹta tó mú. Ẹ má sì fi ìṣubú pamọ́. Àgbà tí ń kọ́ kẹ̀kẹ́ yóò ṣubú, ọmọ rẹ̀ yóò sì di ìjókòó mú fún un láti ẹ̀yìn. Àwọn tó ti dé Ouagadougou lè jẹ́rìí pé obìnrin tó wọ aṣọ àǹkárá tó dára kò ṣàjèjì lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, bí alùpùpù tilẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà náà báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà, a kò sì lè fò ó. Ọkọ̀ àjàgbé tí ń ti Cotonou lọ sí Malanville ń gba Parakou kọjá, kò sì sí ìyá tí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Eré tó bá ní kò sí ewu ń parọ́ fún wa. Ní ilẹ̀ Họ́lándì, tí gbogbo ayé ń yìn nítorí kẹ̀kẹ́ lónìí, ọkọ̀ pa ènìyàn tó ju 3,000 lọ ní ọdún 1971, àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1972, tẹlifíṣọ̀n wọn lọ sí àdúgbò De Pijp ní Amsterdam, ó gbé ẹnu sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti òpópónà wọn mọ́ ọkọ̀ kí àwọn lè rí ibi ṣeré. Àwọn òbí náà dìde, wọ́n wọ́de, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀. Kámẹ́rà lè dúró ní ìkóríta tiwa náà ní aago méje òwúrọ̀, kí ó kàn máa ya àwọn ọmọ tí ń sọdá.

A padà sí ilé yẹn ní Titirou lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti lé adìẹ kúrò, táyà tuntun méjì sì ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọbìnrin àgbà ní ń gùn ún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. A bi ìyá rẹ̀ pé òun ńkọ́. Ó ní òun lè dán an wò, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò bá sí ẹni tí ń wò.