Ọṣẹ Kọ́ Ni Adájọ́ Omi

Omi kò lọ́tàá, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, inú omi ni àìsàn púpọ̀ ń gbà wọlé tọ ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ bí a ti ń dá omi rere mọ̀.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí. Àlejò tí ó bá dé ìlú wa, ọ̀rọ̀ ìbejì ni ó máa ń béèrè, àwọn kan a sì máa sọ pé omi wa ni ó ń fà á. N kò wá sọ ti ìyẹn lónìí. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fẹ́ sọ. Omi náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa wí pé, ‘Omi tí kò gba ọṣẹ, inú ènìyàn kò lè gbà á.’ Nítorí náà, bí ẹ̀rọ omi bá ti dáwọ́ dúró, odò ni wọ́n ń rán wa lọ, tí a ó fi kànga sílẹ̀.

Kí ni ó ń mú kí omi le bẹ́ẹ̀? Òjò tí ó rọ̀ láti ojú ọ̀run rọ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ sì ń hó nínú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó bá wọ inú ilẹ̀, tí ó sì pẹ́ láàárín òkúta, a máa yọ́ èròjà inú òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù ni olórí wọn. Ilẹ̀ Ìbàràpá kò rí bí Ẹwẹ́kòrò tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fi ṣe sìmẹ́ńtì. Àpáta líle àtijọ́ ni ó pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ èròjà wọ̀nyí wà nínú òun náà. Bí ọṣẹ bá bọ́ sínú irú omi yìí, òun àti èròjà náà á ṣù pọ̀, wọ́n á di ìdọ̀tí funfun tí ń léfòó. Ìgbà tí èròjà náà bá tán ni ọṣẹ tó lè hó.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ bu omi òjò sínú ìgò kan, kí ẹ bu omi kànga sí èkejì ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi ọṣẹ tí ó dọ́gba sí méjèèjì, kí ẹ sì mì wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní tiwọn a máa ṣírò èròjà náà bí ẹni pé ẹfun ni gbogbo rẹ̀, ní mílígíráàmù nínú lítà kan. Èyí tí kò ju 60 lọ, omi rírọ̀ ni. Èyí tí ó ju 180 lọ, ó le gan-an.

Ǹjẹ́ omi líle ń pa ènìyàn bí? Rárá o. Ọṣẹ ni ó ń jẹ, a sì máa lẹ̀ funfun mọ́ ìdí kẹ́túlù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lélẹ̀ fún líle omi ní tìtorí ìlera.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo Ìdèrè, tí kò jìnnà sí wa. Omi adágún rọ̀ lọ́wọ́, nítorí omi òjò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú adágún ni sòbìà wà. Kòkòrò omi kékeré kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ni ó ń gbé ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ún, ní nǹkan bí ọdún kan, aràn tí ó lè gùn tó mítà kan á yọ jáde, lẹ́sẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù. Bí ẹni náà bá tún tẹ ẹsẹ̀ bọ adágún, aràn náà á da ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgàǹbe là ń ké sí. Àgbẹ̀ tí ó bá dá dùbúlẹ̀, oko rẹ̀ di igbó.

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìlera kọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti máa fi aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ojú rẹ̀ kéré sẹ́ omi mímu. Ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà ju 600,000 lọ. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n asẹ́ tí ó mú kòkòrò sòbìà kò lè mú kòkòrò onígbáméjì, nítorí èyí kéré jù ú lọ fíìfíì. Omi náà gbọ́dọ̀ hó lórí iná. Kí kànga ní ìdérí, kí ṣáláńgá sì jìnnà sí i, bí 30 mítà ó kéré tán.

Mo ti ṣàlàyé èyí fún ìyá mi àgbà. Omi òjò ni wọ́n ṣì fi ń fọ aṣọ wọn, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n omi kànga wa ni a ń sè mu nílé báyìí. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá padà sílé ní ìsinmi, ẹ má ṣe bi ọṣẹ léèrè bí omi bá dára. Ẹ wo ibi tí omi náà ti wá, kí ẹ sì sè é.