Ẹrẹ̀ Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀ Odò Ọya

Odò Ọya ń rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà kó tó dé òkun. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ló ti ṣẹ̀, ó gba Málì àti Niger kọjá, ó fara kan Bẹ̀nẹ̀, kó tó wọ Nàìjíríà. Omi nìkan kọ́ ló ń gbé bọ̀, ó ń gbé ẹrẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣe sí odò yìí, kó tọ ipa ẹrẹ̀ náà.

Ìkún omi méjì ló ń dé Kàìnjì ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Òjò ìtòsí ló ń fa àkọ́kọ́, nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí ìkẹwàá. Ẹrẹ̀ a sọ ọ́ di funfun bí omidùn. Èkejì ti Gínì wá. Nígbà tó bá dé àárín Málì, ó ń tẹ́ rẹrẹ sínú àbàtà ńlá kan. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ rẹ̀ ń rì sí, tí oòrùn sì ń fa púpọ̀ nínú omi náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé kí ìyókù tó dé Kàìnjì, ó sì mọ́.

Ní 1968, wọ́n parí dáàmù Kàìnjì. Ìlú Bùsà àtijọ́ wọ inú omi, àwọn tó tó 44,000 sì ṣí kúrò níbùgbé wọn. A rí iná mànàmáná, àwọn apẹja inú adágún náà sì rí ẹja. Àmọ́ omi tí ògiri bá dá dúró kò lágbára ẹrù mọ́. Ẹrẹ̀ a rì. Omi tó gba inú ẹ̀rọ jáde fúyẹ́, bèbè àti ìsàlẹ̀ odò ló sì ń gbẹ́ lọ. Ìkún tó ń fi ẹrẹ̀ tuntun bo àkùrọ̀ àwọn Tápà dínkù. Àbàtà tí ẹja ń yé sí kò kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́, apẹja tó wà láàárín Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan rò pé dáàmù ti lé omíyalé lọ, wọ́n wá kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Tí adágún bá kún, dandan ni kí wọ́n ṣí dáàmù. Ní 2012, òjò rọ̀ gan-an, wọ́n sì ṣí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, tó wà lórí odò Bẹ́núè tó ń ṣàn wọ Odò Ọya. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú nínú omíyalé ọdún náà ní Nàìjíríà. Dáàmù tí wọ́n ní àwọn máa kọ́ sí Dasin Hausa ní Adamawa, kó lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ dúró, kò tíì parí.

Ní Dẹ́ltà, níbi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, ẹrẹ̀ ló di ilẹ̀. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹrẹ̀ tuntun ló ń gbé e ró, òun gan-an ni ògiri òkè odò sì há mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956, wọ́n tún ń gbẹ́ ọ̀nà omi fún ọkọ̀ iléeṣẹ́ epo. Ibẹ̀ ni omi iyọ̀ ń gbà wọ àbàtà tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Igi ibẹ̀ a kú, gbòǹgbò tó di ẹrẹ̀ mú a jẹrà, èyí tó kù nínú ẹrẹ̀ a sì bá òkun lọ.