Agbo Kéékèèké Nínú Ẹ̀kọ́ Ìkọ̀wé: Kíkọ́ Àwọn Ọmọdé Tí Ìmọ̀ Wọn Kò Dọ́gba



Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn láti mú lò: báwo ni olùkọ́ kan ṣoṣo ṣe lè kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọdé ní ìwé kíkọ nígbà tí ohun tí wọ́n mọ̀ kò dọ́gba? Èrò tèmi ni pé kí a pín wọn sí agbo kéékèèké, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ohun tí a ó fi pín wọn. A kò gbọdọ̀ fi agbo ṣe àmì sí ọmọ lára.

1. Kí ni ìkọ̀wé?

Ìkọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó kéré tán, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó so pọ̀. Èkíní ni ríronú ohun tí a fẹ́ sọ àti títò ó létòlétò. Èkejì ni mímọ lẹ́tà tí ó dúró fún ìró kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni fífi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà. Nínú èdè Yorùbá, iṣẹ́ kejì yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ ní láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ. Ó ní láti mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni gb, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì ni a fi kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni àmì ohùn, èyí tí ó ya igba, igbá, ìgbà àti igbà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọmọ kan lè mọ ìtàn sọ débi pé gbogbo kíláàsì yóò dákẹ́ gbọ́ ọ, síbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n bí ó bá di pẹ́ńsùlù mú. Lẹ́tà ọmọ mìíràn lè gún régé, ṣùgbọ́n kí ó má lè kọ ohunkóhun ju èyí tí ó rí lójú pátákó. Ta ni a ó pè ní olódo nínú àwọn méjèèjì?

2. Ohun tí a rí kọ́ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí a fi wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. Nígbà tí a yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù.

Èyí kan ẹni tí ó fẹ́ pín ọmọ sí agbo. Bí a bá ní kí ọmọ ọdún 6 kọ ìtàn ní èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa, tí ó sì dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa òye rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdákẹ́ yẹn pín ọmọ kò mọ̀ ju ẹni tí ó gbọ́ èdè àti ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ.

3. Bí a ṣe lè ṣe é

Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì, kí a pín wọn sí agbo 7 tàbí 8. Oríṣi agbo méjì ni ó yẹ kí a ní.

Agbo àìní ni èkíní. Àwọn tí ó ń ṣi ẹ kọ bí e ni a ó kó jọ lónìí, a ó kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú 15, a ó sì tú agbo náà ká nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó wà nínú agbo yìí lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ìtàn sọ jù lọ.

Agbo àdàlù ni èkejì. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti jọ kọ ìtàn kan: ọ̀kan yóò sọ ọ́, ọ̀kan yóò kọ ọ́, ọ̀kan yóò kà á sókè, ọ̀kan yóò fi dò, re, mí wá àmì ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa yí ká, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ má baà fi ẹnu sá fún ìwé títí.

Ní ti ọmọ tí kò tíì lè kọ gbólóhùn, kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an bí ó ti sọ ọ́. Ọmọ yóò kà á, yóò sì wò ó kọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun tí olùkọ́ ń bá a kọ yóò máa dín kù.

Iṣẹ́ tí àwọn agbo yòókù yóò máa ṣe nígbà tí olùkọ́ wà lọ́dọ̀ agbo kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè dá ṣe: yíya àwòrán ìtàn àti kíkọ orúkọ ohun inú rẹ̀, tàbí títún gbólóhùn àná kọ. Kí olùkọ́ sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti lè ṣe àti èyí tí ó kàn sí.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá èyí kò ní fa ọmọ tí ó já fáfá sẹ́yìn. Ẹni tí ó ń ṣàlàyé ìdí tí ọ fi ní àmì nísàlẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ ń tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ọ́ di igbákejì olùkọ́ lójoojúmọ́. Òun náà ní àìní, ó sì yẹ kí ó ní agbo tí a ti ń fún un ní iṣẹ́ tí ó le.

4. Ìkádìí

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní agbo àlọ́, ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 12 jọ ń jókòó. Èyí tí ó kéré jù ń gbe orin. Bí ó ti ń gbè é ni ó ń kọ́ ìtàn náà, títí di ọjọ́ tí òun náà yóò dá a pa. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olódo nítorí pé orin nìkan ni ó mọ̀ lónìí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ọmọ tí a fi sí agbo ẹ̀yìn ní ọmọ ọdún 6, tí a kò sì tún yẹ̀ wò mọ́, yóò gbà gbọ́ pé ibẹ̀ ni àyè òun. Nítorí náà, kí a máa tú agbo ká, kí a sì máa tún un tò, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń kọ́ ohun tuntun.